Ẹ Jẹ́ Kí Iná Lu Nǹkan Gidi

Ohùn mi tí ẹ ń gbọ́ yìí, bébà ló ń sọ ọ́. Nínú rédíò tó wà níwájú yín, wáyà bàbà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n wé róbótó, òòfà kan sì wà nítòsí rẹ̀. Bí iná bá ti ń pọ̀ tó ń dín nínú wáyà náà, bẹ́ẹ̀ ni òòfà ń tì í síwájú tó ń fà á sẹ́yìn. Wọ́n lẹ wáyà náà mọ́ bébà tó rí bí àrọ, èyí tí a ń pè ní sípíkà. Bébà ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n, etí ń gbọ́. Orin yòówù tó bá ń ti inú ẹ̀rọ iná jáde, ọ̀nà yìí ló ń gbà, àyàfi pé nínú íyapíìsì, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ bébà. Ìbáà ṣe fújì, ìbáà ṣe jùjú, ìbáà ṣe ohùn kan tí kò sí láyé rí tí ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà hun, ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lálẹ́ òní ni àwọn tó wo ọ̀nà yìí títí, tí wọ́n wá béèrè pé, kí ló dé tó fi jẹ́ bébà nìkan ni iná gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n? Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ agogo, ìgò, ìdérí ìkòkò tàbí awọ ìlù? Lójú tèmi, ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ tó ń lu nǹkan gidi yóò rí ohùn kan tí kò sí nínú àpótí tí wọ́n ń tà, yóò sì tún mọ ohun tí ọrùn ọwọ́ onílù ń ṣe ju bó ti rò pé òun mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Synthesizer ni ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣẹ̀dá ohùn. Ní nǹkan bí ọdún 1964, Robert Moog ní ìpínlẹ̀ New York àti Don Buchla ní California, láìjẹ́ pé wọ́n jọ gbìmọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èyí tó jẹ́ ẹyọ-ẹyọ, tí wọ́n ń pè ní modular. Ẹ̀yà kan ń dá ohùn, òmíràn ń gé lára ohùn náà, òmíràn ń ka àkókò, olórin á sì fi wáyà so wọ́n pọ̀ bó bá ṣe wù ú. Ohun tó ń gba inú àwọn wáyà wọ̀nyí kọjá kì í ṣe ohùn nìkan. Àṣẹ náà ń gba ibẹ̀. Fóltì 5 tó bá yọ lójijì lórí wáyà kan lè túmọ̀ sí pé, ó yá, lù ú. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Dieter Doepfer ará Jámánì gbé A-100 tirẹ̀ jáde, ìwọ̀n tó fi lélẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sì ń tẹ̀lé títí dòní, èyí tí wọ́n ń pè ní Eurorack: ojú páànẹ́lì tó ga ní mílímítà 128.5, iná fóltì 12 ti pósítíìfù àti ti nẹ́gẹ́tíìfù, ihò wáyà mílímítà 3.5, irú èyí tí íyapíìsì ń wọ̀ lára fóònù àtijọ́. Nítorí pé ìwọ̀n náà kì í yẹ̀, ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ti ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀ lè ṣe ẹ̀yà tirẹ̀ lórí tábìlì ilé rẹ̀, kó sì kì í bọ àárín èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe. Ẹ̀yà tó ń lu nǹkan gidi, èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í dá ohùn kankan fúnra rẹ̀. Àṣẹ ni ó ń gbà, ó sì ń mú un ṣẹ ní tòótọ́: ó ń lu nǹkan.

Àrà tuntun kọ́ ni o. Ní ọdún 1831, ní ìlú Albany ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Joseph Henry ta wáyà tó gùn ju máìlì kan lọ yí yàrá ká. Bó bá ti fi iná bátìrì sí i ní apá kan, òòfà tó wà ní apá kejì á yí, á sì lu agogo kékeré kan. Àwọn òpìtàn máa ń ka èyí mọ́ ohun tó ṣílẹ̀kùn fún títẹ wáyà ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe gan-an, iná ló fi lu agogo láti òkèèrè. Tẹlifóònù Alexander Graham Bell kò dé títí di 1876. Ọdún 45 ni iná ti fi ń lu nǹkan kí Bell tó kọ́ ọ bí a ti ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń lu nǹkan nínú ẹ̀yà wa ni solenoid. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, nítorí ọ̀kan wà lórí kíkì-sítátà ọkọ̀; òun ló máa ń dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí bátìrì bá ti rẹ̀ tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ jí. Wáyà bàbà tí wọ́n wé yí ihò kan ká ni, pẹ̀lú ọ̀pá irin nínú ihò náà. Iná wọ wáyà, wáyà di òòfà, ọ̀pá irin fò. Iná kúrò, sípíríǹgì fà á padà. Èyí tí kò ju àtàǹpàkò lọ ti tó fún iṣẹ́ wa. Ó máa ń wà nínú ẹ̀rọ fọtokọ́pì tó ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti fóltì 24 ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí 12. Èyí tó ń jẹ iná NEPA tààrà, irú tó máa ń ṣí omi fún ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ má ṣe fọwọ́ kàn án rárá. Fóltì 220 kì í ṣe ohun eré.

Solenoid a máa jẹ iná. Wáyà tó ní ohm 12, bí a bá fún un ní fóltì 12, ampere kan gbáko ni yóò gbà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà synthesizer kì í gbà ju ìdámẹ́wàá ìyẹn lọ. Bí a bá so ó mọ́ orísun iná kan náà tí àwọn tó kù ń mu, gbogbo ìgbà tó bá lu nǹkan ni iná yóò wálẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yà tó ń dá ohùn yóò sì máa ṣìnà lórí ohùn rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kó ní adápítọ̀ tirẹ̀, kí nẹ́gẹ́tíìfù adápítọ̀ náà bá ti synthesizer pàdé, kí kapásítọ̀ ńlá kan sì wà nítòsí tí yóò máa tọ́jú iná de ìgbà ìlù. Àṣẹ fóltì 5 kò lè gbé ampere kan fúnra rẹ̀. Tiransísítọ̀ ni yóò dúró láàárín, bí irú MOSFET tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ IRLZ44N, èyí tí fóltì 5 ti tó ṣí. Ohun kejì ló máa ń bá aláìmọ̀kan lójijì. Bí a bá gé iná lẹ́ẹ̀kan náà, agbára òòfà inú wáyà kì í rọra parẹ́. Ó ń wó lulẹ̀ ni, bó sì ti ń wó ni ó ń tari iná náà síwájú, fóltì tó ń yọ lódìkejì sì lè kọjá 100 láti orí fóltì 12 péré. Tiransísítọ̀ ló máa ń bá a lọ. Dáyóòdù 1N4007 kan, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ni a ń fi dábùú wáyà solenoid, ẹsẹ̀ tó wà ní apá ilà rẹ̀ sí ìhà pósítíìfù, kí iná tó ń wá ọ̀nà yẹn lè máa yí po níbẹ̀ títí yóò fi kú.

Títí dé ibí yìí, iṣẹ́ oníná lásán ni. Ibi tó ti di iṣẹ́ ìlù ni ìgbà tí a bá béèrè pé báwo ni ó ṣe yẹ kí iná pẹ́ tó nínú wáyà. Àṣẹ tó ń bọ̀ láti inú synthesizer lè gùn tó ìdajì sẹ́kọ́ńdì. Bí ọ̀pá irin bá tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, yóò lu agogo, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó dún tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi IC 555 síwájú tiransísítọ̀. Hans Camenzind ló ṣe IC náà fún ilé iṣẹ́ Signetics ní California ní 1971, ó dé ọjà ní 1972, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kó bá wa ṣe: bí àṣẹ bá ti dé, kó tan iná fún ìwọ̀n ìgbà kan, kó sì pa á, àṣẹ ì báà ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ìwà kan tó yẹ ká mọ̀: ìgbà tí fóltì bá já wálẹ̀ ló ń jí, kì í ṣe ìgbà tó bá gòkè. Tiransísítọ̀ kékeré kan ní láti yí àṣẹ po fún un, kí kapásítọ̀ kékeré kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò jẹ́ kó rí ìbẹ̀rẹ̀ àṣẹ nìkan. Ìgbà tí iná yóò fi wà jẹ́ 1.1 lọ́nà rẹsísítọ̀ lọ́nà kapásítọ̀. Kílò-ohm 100 àti microfarad 0.1 yóò fún wa ní mílísẹ́kọ́ńdì 11, ìyẹn ìdá 11 nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì kan. Bí a bá wá fi bọ́tìnnì tí a ń yí rọ́pò rẹsísítọ̀ náà, tó ń lọ láti kílò-ohm 47 títí dé 550, a ó rí ìgbà tó ń lọ láti mílísẹ́kọ́ńdì 5 títí dé 60.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ní mílísẹ́kọ́ńdì 5, ọ̀pá irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ni iná ti kú. Eré tó ti ní lára nìkan ló ń gbé e lọ, ó lè fọwọ́ kan agogo fẹ́rẹ́, ó sì lè má débẹ̀ rárá. Bí a bá ń yí i sókè, ọ̀pá ń ní eré sí i, ìlù ń le sí i, títí a ó fi dé ibì kan tó jẹ́ pé iná ń kú bí ọ̀pá ṣe ń kan irin. Ibẹ̀ ni agogo ti ń dún jù. Bí a bá yí i kọjá ibẹ̀, ohun àjèjì kan ń ṣẹlẹ̀: ìlù kò le sí i mọ́, ohùn ló ń kúrú, nítorí ọ̀pá ti lù tán, síbẹ̀ iná ṣì ń tì í. Ní 60, gbì lásán ni. Ibi tí ohùn ti ń yí padà yìí kò sì dúró lójú kan. Bí a bá sún solenoid sẹ́yìn ní mílímítà 3 péré, bí sípíríǹgì bá le jù, bí ohun tí a ń lù bá fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ yí padà nìyẹn. Ẹni tó bá jókòó ti bọ́tìnnì yìí fún ìrọ̀lẹ́ kan yóò rí i pé ohun méjì tó dà bí ẹyọ kan ló wà nínú ìlù: bí ọ̀pá ṣe yára dé tó, àti bó ṣe yára kúrò tó. Onílù tó fẹ́ kí awọ dún dáadáa máa ń jẹ́ kí ọ̀pá ta padà; bó bá fẹ́ kí ohùn kú sílẹ̀, á fi ọ̀pá tì í. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é kíákíá débi pé òun gan-an lè má lè ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè ṣe é láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ iye rẹ̀ fún un.

Àwọn tó ń ṣe dùùrù olókùn ti pàdé ìṣòro yìí kí a tó mọ òòfà oníná rárá. Ní Florence ní Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1700, Bartolomeo Cristofori ṣe piano àkọ́kọ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ìka tẹ̀ kì í ti òòlù kékeré náà dé ara okùn. Ó ń jù ú, ó sì ń yọwọ́ lára rẹ̀ kó tó débẹ̀, kí òòlù lè lu okùn kó sì ta padà. Iná tó kú díẹ̀ ṣáájú kí ọ̀pá tó kan agogo, ọgbọ́n Cristofori náà ni, láìsí igi. Àmọ́ iná ní àrékérekè tirẹ̀. Dáyóòdù tó gba tiransísítọ̀ là ń jẹ́ kí iná máa yí po nínú wáyà lẹ́yìn tí a ti pa á, òòfà kò sì tètè tú ọ̀pá sílẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ ló tún ń ba ohùn agogo jẹ́! Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi rẹsísítọ̀ tàbí dáyóòdù Zener tẹ̀lé dáyóòdù náà kí iná lè tètè kú, wọ́n á sì yan tiransísítọ̀ tó lè gba fóltì tó pọ̀ sí i. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe tán kò ní mọ̀ láéláé pé ẹnì kan ti bá a pinnu ọ̀rọ̀ yìí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ẹ gba ohùn agogo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì. Roger Linn ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1980 pẹ̀lú LM-1, ẹ̀rọ ìlù àkọ́kọ́ tí wọ́n tà tó jẹ́ pé ohùn ìlù gidi tí wọ́n ti gbà sínú IC ló ń lò, olórin tó ń jẹ́ Prince sì fi í ṣe orin tí gbogbo ayé mọ̀. Àtakò yìí lágbára. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn kan náà nígbà gbogbo, níbi gbogbo, láìru ẹrù kiri, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kó rà, kó má jẹ́ kí n tàn án. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá tún lu agogo tó ṣì ń dún. Ara irin náà ti ń gbọ̀n. Bí ọ̀pá bá pàdé rẹ̀ bó ti ń bọ̀, kò rí bákan náà pẹ̀lú bó bá pàdé rẹ̀ bó ti ń lọ. Apá kan nínú ohùn tó wà nílẹ̀ á le sí i, apá kan á pòórá. Ìlù mẹ́wàá tó bá yára tẹ̀lé ara wọn kì í ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá. Àwọn tó ń gba ohùn ìlù sílẹ̀ fún títà mọ èyí, torí náà ni wọ́n ṣe ń lu ìlù kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ̀rọ á máa pààrọ̀ wọn kí etí má baà já a. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe láti fara wé ohun tí irin ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. N kò sọ pé ìyàtọ̀ yẹn máa ń dùn nígbà gbogbo o. Nígbà mìíràn ó máa ń bí ẹni nínú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun gidi gbà kí a fọwọ́ kàn án. A lè rọ omi sínú ìgò lẹ́nu orin, a lè gbé ọwọ́ lé agogo, a lè so ìdérí ìkòkò rọ̀ dípò ká gbé e kalẹ̀, a kò sì ní láti kọ àṣẹ kankan sínú kọ̀ǹpútà.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn tó fetí sí mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ló sì lè gbé e dìde. Ṣebí mo ní bébà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí? Bí a bá gbé máíkì sí agogo yẹn kí a lè gbọ́ ọ lórí rédíò, kò ha tún ti padà sínú bébà? Ó ti padà. Àwọn tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú agogo nìkan ni yóò gbọ́ ọ bó ti rí. Ṣùgbọ́n kò sófo fún àwa tó kù, nítorí pé àtìgbà tí ohùn ti kọjá lára nǹkan gidi ni ó ti gba àmì ara nǹkan náà. Modular tún ní ọ̀nà kan tí máíkì lásán kò ní. Ní ọdún 1880, Jacques àti Pierre Curie, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé, rí i pé àwọn òkúta kan máa ń yọ iná bí a bá tẹ̀ wọ́n. Àwo idẹ pẹlẹbẹ tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní piezo, kò wọ́n. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ohun tí a ń lù, ó ń gbọ́ ara nǹkan náà, kì í gbọ́ afẹ́fẹ́. Ó kàn gba ìtọ́jú. Àwo tó ní nanofarad 20, bí a bá so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà kílò-ohm 10, gbogbo ohùn tó wà nísàlẹ̀ bíi hertz 800 ni yóò máa rẹ̀ sílẹ̀, agogo á sì máa dún bí agolo. Bí a bá so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà mégà-ohm kan, ààlà yẹn á wálẹ̀ sí hertz 8, kò ní sí ohun tí etí yóò pàdánù. Láti ibẹ̀, ìró agogo lè padà sínú synthesizer kó tún di àṣẹ: a lu agogo, piezo gbọ́, ó ní kí solenoid kejì lu ìgò. Ilé iṣẹ́ KOMA Elektronik ní Berlin kó irú ẹ̀rọ méjèèjì, èyí tó ń lù àti èyí tó ń gbọ́, sínú àpótí kan tí wọ́n pè ní Field Kit, ohun tó sì mú kí ó wúlò ni pé ọ̀nà náà ń lọ, ó sì ń bọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn onílù. Ẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò gba oúnjẹ lẹ́nu olórin kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ní 1982, ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn olórin ní àárín gbùngbùn London dìbò pé kí wọ́n fòfin de synthesizer àti ẹ̀rọ ìlù. Òfin náà kò múlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó bí i kò tíì kú. Mo gbà pé ẹ̀rọ tó ń ta ìlù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kan. N kò gbà pé ọ̀pá irin tó ń fò nínú wáyà lè gba ti àyàn. Ẹ wo dùndún. Ọwọ́ kan ń fi ọ̀pá lu awọ, ọwọ́ kejì ń fún ọsán, awọ ń le ó ń dẹ̀, ohùn ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀, ìyáàlù ń ki èèyàn. Solenoid mọ ìdajì iṣẹ́ ọwọ́ kan. Kí ó tó lè pe orúkọ ẹnì kan, ẹlòmíràn ní láti kan ẹ̀rọ mìíràn tó ń fún ọsán, kí ẹni tó gbọ́ èdè sì jókòó tì í. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí gbígbọ̀n ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Agogo ló bá a mu, agogo tó ń sọ ohun kan náà ní àsọtúnsọ kí àwọn tó kù lè rí ibi dúró sí; bóyá àwọn ìlà tí kì í yí padà nínú iṣẹ́ gúdúgúdú pẹ̀lú, nítorí a kì í fún ọsán gúdúgúdú bí ti ìyáàlù. Àwọn tó ti lọ jìnnà jù nínú iṣẹ́ yìí kò sì lé olórin jáde. Godfried-Willem Raes ní ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù ti kan odindi ẹgbẹ́ ohun èlò tó ń dún fúnra wọn ní Logos Foundation, àwọn olórin alààyè ló sì ń kọ orin fún wọn. Pat Metheny, ará Amẹ́ríkà tó ń ta gìtá, gbé àwo orin Orchestrion jáde ní 2010, nínú èyí tí solenoid àti afẹ́fẹ́ ń mú kí ìlù, agogo àti ìgò máa dún yí i ká. Bí kò bá ta gìtá rẹ̀ láàárín wọn, kò sí orin níbẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé solenoid ń pariwo, ó sì ń pẹ́ kó tó lu nǹkan. Ariwo jẹ́ òótọ́: ọ̀pá irin tó bá kan ìdí ara rẹ̀ ń dún ṣáájú agogo. Rọ́bà díẹ̀ níbi tó ti ń dúró, àti kí a má jẹ́ kí ó rìn dé òpin ìrìn rẹ̀ kó tó kan ohun tí a fẹ́ lù, ìyẹn ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ti pípẹ́, ọ̀pá lè gba mílísẹ́kọ́ńdì 10 kó tó débi tó ń lọ. Ohùn ń rìn ní mítà 343 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà mílísẹ́kọ́ńdì 10 kò ju kí èèyàn dúró ní mítà mẹ́ta ààbọ̀ sí onílù lọ. Kò sí ẹni tó ń jó lóde àríyá tó súnmọ́ onílù jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi ẹni tó fẹ́ náwó. Gbígbóná náà kì í ṣe ìṣòro fún ìlù kúkúrú: mílísẹ́kọ́ńdì 11 lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú sẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ 44 nínú ẹgbẹ̀rún, watt 12 á sì di ìdajì watt àti díẹ̀. Ẹni tó bá so ó mọ́ àṣẹ gígùn láìsí 555 ni yóò gbóòórùn wáyà tó ń jó.

Bí mo bá ní ẹ̀bẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀yà yìí, òun ni pé kó má kan solenoid mọ́ ojú páànẹ́lì. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ó dùn ún wò: irin kékeré tó ń fò láàárín àwọn bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n páànẹ́lì ni yóò máa lù títí ayé, kò sì sí ohun tó yàtọ̀ nínú ìyẹn sí sípíkà tó ní bébà kan ṣoṣo. Kí 555, tiransísítọ̀ àti bọ́tìnnì wà nínú àpótí. Kí solenoid wà lóde, lórí pátákó kékeré tó ṣe é dè mọ́ nǹkan, pẹ̀lú ihò gígùn nínú pátákó náà kí a lè máa sún un mílímítà kọ̀ọ̀kan. Wáyà méjì tó nípọn tó láti gbé ampere kan ni yóò so wọ́n pọ̀, mítà méjì tàbí mẹ́ta, kí dáyóòdù sì wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransísítọ̀ tó ń ṣọ́. Kí ó ní ihò àṣẹ kan, àti ihò kejì tí ẹ̀yà mìíràn lè gbà yí gígùn ìlù padà láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì, torí ibẹ̀ ni ìlù líle àti ìlù jẹ́jẹ́ yóò ti máa wá. Ìdérí ìkòkò ni kí ó kọ́kọ́ fi dán an wò. Ìgò lè fọ́, agogo sì ní ẹni tó ni ín.